Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ òru

Àǹtí mi,

Ẹ kú iṣẹ́ òru o. Mo mọ̀ pé ìgbà tí ẹ bá délé lẹ máa rí eléyìí, tí oòrùn ti yọ, tí ẹ ti fa kọ́tìnnì, tí ẹ dùbúlẹ̀ tí ẹ gbé fóònù sójú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi kà á tán.

Ọ̀rọ̀ scan yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Dókítà ní ọ̀rá ti ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ yín, ẹ ní kí ló kàn yín, ṣebí ẹ ò mutí, ẹ ò sì sanra. Òótọ́ ni. Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri.

Ṣé ẹ rántí alẹ́ tí mo mú ṣájà wá bá yín níbi iṣẹ́? Aago mẹ́ta òru ti lù. Síbí wà lọ́wọ́ òsì yín, báírò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ ń kọ̀wé sínú fáìlì aláìsàn, ẹ sì ń jẹun lórí ìdúró bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ojoojúmọ́ nìyẹn fún yín, ọdún kọkànlá rèé.

Ohun tí mo wá mọ̀ ni pé aago kan wà nínú ọpọlọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ mọ̀ bóyá ilẹ̀ mọ́ tàbí ó ṣú, àmọ́ ẹ̀dọ̀ náà ní aago tiẹ̀, àsìkò oúnjẹ ló sì ń wò jù. Tí ẹ bá jẹun láago mẹ́ta òru, ẹ̀dọ̀ á ní ilẹ̀ ti mọ́, kó ṣiṣẹ́, ọpọlọ á ní rárá o, òru ṣì ni. Tó bá wá dọjọ́ ìsinmi, ẹ tún padà máa sùn lálẹ́ bíi tàwa yòókù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìjà wọn látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní Baylor College of Medicine ní Houston, Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó eku tí nǹkan kan ò ṣe, wọn ò fún wọn ní májèlé, oúnjẹ tí eku ń jẹ náà ni wọ́n ń fún wọn, kìkì pé wọ́n ń sún àsìkò ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn wọn síwá sẹ́yìn ní wákàtí 8 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀ wọn, òróòro pọ̀ jù lára wọn, ẹ̀dọ̀ wú, ó dápàá, àwọn kan nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Mo mọ̀ pé èèyàn kì í ṣe eku. Ṣùgbọ́n ibi tọ́rọ̀ tiwọn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ yẹn, ibẹ̀ lẹ wà báyìí.

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ lọ́dún 2007, wọ́n tún un sọ lọ́dún 2019, pé ó jọ pé iṣẹ́ òru ń fa jẹjẹrẹ. Ti ọmú, próstéètì àti ìfun ńlá ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí jù lára èèyàn, kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀dọ̀ ṣáà kì í tètè pariwo, ìgbà tó bá fi máa dun èèyàn, ọ̀rọ̀ ti lè di ńlá.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, mo mọ iye èèyàn tó gbójú lé yín. Ẹ jẹun dáadáa kẹ́ ẹ tó wọṣẹ́, tí ebi bá pa yín lóru, kẹ́ ẹ fi nǹkan kékeré panu. Ẹ bẹ mátírọ́ọ̀nù kó yé yí àsìkò iṣẹ́ yín padà ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó gún yín lọ́wọ́ lọ́jọ́sí náà, ṣé ẹ ṣe àyẹ̀wò hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jà, lẹ́yìn ẹ̀? Ìyẹn nìkan ti tó láti fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ká má tíì wá fi àìsùn kún un. Ẹ padà lọ rí dókítà nípa scan yẹn, ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ṣì ń dín kù tí èèyàn bá tètè mójú tó o.

Mo ti ra kọ́tìnnì tó nípọn tí oòrùn ò ní ráyè gbà wọlé, mo ń bọ̀ wá bá yín gbé e kọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ pa fóònù yìí báyìí, kẹ́ ẹ sùn. Ìrọ̀lẹ́ ni mo máa pè yín, mi ò ní pè lọ́sàn-án mọ́.

Èmi àbúrò yín