Ọjọ́ tí sójà bọ́ aṣọ sílẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa sójà-fẹ̀yìntì tó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ogun ló tẹ̀ lé e wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ẹni tó bá kà á yóò rò pé ìbọn àti bọ́ǹbù nìkan ló ń da ọkàn ológun rú, àti pé ẹni tí kò dé ojú ogun rí kò sí nínú ewu. Èmi náà ṣe iṣẹ́ ológun, ohun tójú mi rí yàtọ̀ síyẹn.

Mi ò sọ pé ogun kì í ṣe ọkàn léṣe. Àlá tó ń jí ènìyàn lóru, ariwo kékeré tó ń mú kí àyà já, ìbúgbàù tó ń mi ọpọlọ títí tó fi ń ṣàárẹ̀: gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ó tún wá ku èyí tó wúwo jù lọ, ìyẹn ohun tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, tàbí ohun tó ṣojú rẹ tí o kò lè dá dúró. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ àkọsílẹ̀ ọmọ ogun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 4 wò. Wọn kò rí i pé ẹni tó lọ sójú ogun ń para rẹ̀ ju ẹni tí kò lọ. Fífi iṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n rí ewu nínú rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí kò pẹ́ níbẹ̀ tàbí tí wọ́n lé dànù. Ìwádìí tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2009 bá èyí mu: àwọn ọkùnrin tí kò ju ọdún 24 lọ tí wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ ológun ń para wọn ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ju àwọn ojúgbà wọn lọ. Ọmọdé ṣì ni wọ́n, Olóòtú.

Ó yé mi dáadáa. Ní bárékè, fèrè ló ń jí ọ. Gbogbo ènìyàn ló mọ orúkọ rẹ àti ipò rẹ, ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sì ṣe tán láti kú nítorí rẹ. Lọ́jọ́ tí mo dá aṣọ ìjọba padà, mo délé, mo jókòó. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí n dìde. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ń sọ pé mo ń sinmi.

Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni. “Ikú yá ju ẹ̀sín lọ” ni wọ́n fi tọ́ wa. Lójú ogun, òwe yẹn lè gbé ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá wá jẹ́ pé sísọ pé “kò dẹrùn fún mi” ni o kà sí ẹ̀sín, ó ti di nǹkan mìíràn. Ìtìjú yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun tiwọn lórí ẹ̀sùn bíi ojo àti sísá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn, ọkàn wọn ló ti dàrú. Ọdún 2006 ni ìjọba tó dárí ji 306 nínú wọn. Ní 1980 sì ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà tó kọ PTSD, ìyẹn ìdààmú ọkàn tó ń tẹ̀ lé ohun ẹ̀rù tójú ènìyàn rí, sínú ìwé wọn gẹ́gẹ́ bí àìsàn tó ní orúkọ.

Ẹni tó yọ mí ni sájẹ́ǹtì mi àtijọ́. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, kò béèrè àlàáfíà mi. Ó ní, “Ṣé ò ń rò ó láti para ẹ?” Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Mo dákẹ́ títí, mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Kò pariwo, kò wàásù. Ó ní kí n má gbé fóònù sílẹ̀, ó ń bọ̀. Nígbà tó dé, ó gba ìbọn mi lọ tì í pa sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì mú mi lọ rí dókítà lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ènìyàn máa ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá béèrè, àwọn ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí ti fi hàn léraléra. Ní ti ìbọn, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi méje nínú sójà-fẹ̀yìntì mẹ́wàá tó para wọn, ìbọn ni wọ́n lò. Ní 2006, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ísírẹ́lì pàṣẹ pé kí àwọn sójà máa fi ìbọn sílẹ̀ ní bárékè bí wọ́n bá ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀. Iye àwọn tó ń para wọn fi nǹkan bíi 40 nínú 100 dín kù, òpin ọ̀sẹ̀ ni ó sì ti dín. Kò pọ̀ sí i láwọn ọjọ́ yòókù. Ìrònú náà lè gbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kó sì kọjá, bí ohun ìjà kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Bí irú ìròyìn yìí bá tún wá, ẹ má kọ bó ṣe ṣe é. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ènìyàn lè pè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 988 ni, kí sójà-fẹ̀yìntì sì tẹ 1 tẹ̀ lé e. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń gbé e. Ibi tí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kò bá sí, ẹ kọ́ àwọn òǹkàwé yín ní ìbéèrè tí sájẹ́ǹtì mi bi mí.

Àwọn mẹ́ta kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ wa àtijọ́. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, èmi ni n ó pè wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Sójà-fẹ̀yìntì kan