Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ sọ̀rọ̀ nípa Wikipedia lórí rédíò

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé ìwọ ni wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn gan-an. Ó ti pẹ́ tí o ti ń ṣàtúnṣe àyọkà lóru, tí o ń wá ìtọ́kasí, tí o ń yọ ìsọkúsọ kúrò, láìsí ẹni tó ń kí ọ kú iṣẹ́. O bi mí pé kí ni kí o múra sílẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí mo lè fi sínú àtẹ̀jíṣẹ́ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn ṣáájú ohun gbogbo ni pé kí o má lọ síbẹ̀ bí agbẹjọ́rò. Bí o bá fi gbogbo àkókò tí wọ́n fún ọ gbèjà Wikipedia, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á mi orí, ẹni tí kò gbà á gbọ́ á sì wà níbi tó wà. Ṣùgbọ́n bí o bá fi àkókò yẹn kọ́ olùgbọ́ bó ṣe lè fi ojú ara rẹ̀ yẹ àyọkà wò, kó mọ èyí tó ṣeé gbára lé yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣeé gbára lé, o ti ṣe é lóore tí yóò bá a délé.

Ó ṣeé ṣe kí olóòtú ètò pè ọ́ ní ọ̀gá Wikipedia tàbí aṣojú iléeṣẹ́ Wikipedia bó bá ń fi ọ́ han àwọn olùgbọ́. Tún un ṣe kí o tó dáhùn ìbéèrè kankan. Má ṣe rò pé ó máa jọ àìlẹ́kọ̀ọ́. Sọ pé, "Ẹ ṣeun sà, ọ̀kan lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni mí, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún mi." Wikimedia Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, ló ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí ìwé ìmọ̀ náà wà lórí wọn, òun ló ń gba owó ìtọrẹ, òun ló sì ń dá àwọn tó bá pè é lẹ́jọ́ lóhùn. Kì í ṣe òun ló ń kọ àyọkà. Àwọn bíi tìrẹ ló ń kọ ọ́. Nítorí náà, bí ohun tí o fẹ́ sọ bá jẹ́ èrò tìrẹ, "èmi" ni kí o wí. Fi "àwa" sílẹ̀ fún ohun tí gbogbo wa ti fẹnu kò sí, bí àpẹẹrẹ pé a kì í gbè sẹ́yìn ẹnì kan nínú àyọkà, àti pé ohun tí a bá kọ gbọ́dọ̀ ní orísun tí ẹlòmíì lè lọ yẹ̀ wò.

Bí wọ́n bá bi ọ́ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, má pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nupedia, ìwé ìmọ̀ tí àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ àyọkà rẹ̀ wò ní ìpele dé ìpele kó tó jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń falẹ̀ gidigidi. Wikipedia ni wọ́n fẹ́ kó máa ràn án lọ́wọ́, àmọ́ òun ló wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Jọ̀ọ́, dárúkọ Jimmy Wales àti Larry Sanger, àwọn méjì tó dá a sílẹ̀, pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ Wales nìkan, kò sì yẹ kí ẹni tó ń ṣojú ìwé ìmọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Tí o bá sì fẹ́ sọ bó ṣe tóbi tó, sọ pé ó wà ní èdè tó lé ní 300, àti pé Yorùbá wà lára wọn. Kò sí ẹni tó ń rántí iye tó bá fi etí gbọ́ kọjá ọ̀kan tàbí méjì.

Ìbéèrè tó dájú pé wọ́n máa bi ọ́ ni pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ẹnikẹ́ni lè kọ ohun tó bá wù ú síbẹ̀?" Ibí yìí ni kí o dúró sí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àyọkà. Rárá, kì í ṣe ohun tó bá wù ú ló máa dúró síbẹ̀. Àmọ́ má fi í mọ bẹ́ẹ̀, nítorí olùgbọ́ kò rí ojú ìwé. Ìwọ ni kí o fi ẹnu yà á fún un. Sọ fún un pé lókè àyọkà kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà tí a ń pè ní ìtàn. Bó bá tẹ̀ ẹ́, yóò rí gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe sí àyọkà náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé, àti àmì ẹni tó ṣe é. Ó lè fi ti àná wé ti òní kó rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ àti èyí tí wọ́n fi kún un. Sọ fún un pé ọ̀pọ̀ àyọkà wà tí àwọn kan ti fi sínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, débi pé bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án, wọ́n lè rí i. Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ọ̀tì kan, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń dá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní ClueBot NG máa ń dá èébú àti ìsọkúsọ tó hàn gbangba padà kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí i.

Lẹ́yìn náà, kí olóòtú tó bi ọ́, fi ẹnu ara rẹ sọ èyí tó bọ́ lọ́wọ́ wa. Ìtàn John Seigenthaler ni mo fẹ́ kí o mú lọ. Akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà ni. Lọ́dún 2005, ẹnì kan tí kò fi orúkọ hàn kọ ọ́ sínú àyọkà nípa rẹ̀ pé ìgbà kan wà tí wọ́n fura sí i pé ó lọ́wọ́ nínú ikú John Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n pa, àti ti àbúrò rẹ̀ Robert. Irọ́ pátápátá ni, bẹ́ẹ̀ Seigenthaler ti bá Robert Kennedy ṣiṣẹ́ rí. Ó tó oṣù mẹ́rin tí irọ́ náà fi wà níbẹ̀. Nígbà tí ó fúnra rẹ̀ kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú USA Today, gbogbo ayé gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò lè dá àyọkà tuntun sílẹ̀ mọ́, òfin nípa àyọkà tó dá lórí ẹni tó wà láàyè sì le sí i lẹ́yìn náà.

Bí o bá ń sọ ìtàn yìí, má ṣe fi òwe wa kín in lẹ́yìn pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo mọ̀ pé ó máa wá sí ọ lẹ́nu. Lójú ẹni tí wọ́n pa irọ́ mọ́, oṣù mẹ́rin pọ̀ jù, bí òtítọ́ ti lẹ̀ wù kó bá irọ́ lẹ́yìn náà. Jẹ́ kí olùgbọ́ mọ̀ pé o mọ ìwúwo rẹ̀.

Àwọn kan á gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o mẹ́nu ba ìwádìí tí ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó ń jẹ́ Nature gbé jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2005. Àwọn onímọ̀ fi àyọkà Wikipedia wé ti Encyclopaedia Britannica, ìwé ìmọ̀ tó ti wà tipẹ́, lórí kókó 42, àṣìṣe tí wọ́n rí tó nǹkan bíi mẹ́rin nínú àyọkà Wikipedia kọ̀ọ̀kan, ó sì tó nǹkan bíi mẹ́ta nínú ti Britannica. Àwọn Britannica bínú sí i gan-an, wọ́n sì fèsì lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà kò tọ́. Èrò tèmi ni pé kí o má mú un jáde àfi bí olóòtú bá kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀. Àyọkà nípa sáyẹ́ǹsì nìkan ni wọ́n wò, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Kò lè sọ fún olùgbọ́ bóyá àyọkà tó ń kà lónìí péye. Ohun tó lè sọ fún un ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó wà lẹ́yìn gbólóhùn. Kọ́ ọ kó máa tẹ̀ wọ́n. Ṣé ìwé gidi ni wọ́n gbé e lọ, àbí ojú ìwé tí ẹni tí àyọkà dá lé lórí fi ń polówó ara rẹ̀? Ṣé ohun tí àyọkà sọ wà nínú orísun náà lóòótọ́? Àyọkà tí kò ní nọ́ńbà kankan ńkọ́? Kó kà á tìfuratìfura. Kọ́ ọ kó ṣí ojú ewé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú, níbi tí àwọn tó ń kọ ọ́ ti ń bá ara wọn jiyàn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ̀ rárá pé ojú ewé yẹn wà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti lè mọ ohun tí àríyànjiyàn ṣì wà lé lórí.

Olóòtú mìíràn lè ní òun fẹ́ dán an wò lójú ẹsẹ̀, kí òun fi irọ́ kékeré kan sínú àyọkà ká wo bó ṣe máa pẹ́ tó. Bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é. Ẹnì kan lè máa ka àyọkà yẹn lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú náà, ẹlòmíì tí kò gba kọ́bọ̀ ló sì máa pa iṣẹ́ tì wá tún un ṣe. Ìwọ náà fún un ní nǹkan mìíràn ṣe: kó yan àyọkà kan tó mọ̀ dáadáa kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ jọ ṣí ìtàn rẹ̀, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí níbẹ̀ fún àwọn olùgbọ́.

Wọ́n á béèrè ẹni tó ni ín. Nígbà yẹn, sọ ìtàn àwọn ará Spéènì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, àwọn tó ń kọ Wikipedia ti èdè wọn gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ìpolówó ọjà sórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kó jáde, wọ́n dá ìwé ìmọ̀ tiwọn, Enciclopedia Libre, sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn àyọkà dání lọ. Òfin kò dè wọ́n, nítorí ìwé àṣẹ tí a fi ń kọ àyọkà gba ẹnikẹ́ni láàyè láti mú un, kó tún un lò, kó sì pín in, bó bá ti tẹ̀ lé ohun tí ìwé àṣẹ náà béèrè. Títí di òní, kò sí ìpolówó ọjà lórí Wikipedia. Owó ìtọrẹ la fi ń gbé e ró, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń wá láti ọwọ́ àwọn tó ń kà á. Ìtàn yìí á yé olùgbọ́ ju àlàyé gígùn nípa òfin lọ.

Ìbéèrè tó le jù lọ ni ti Donna Strickland, onímọ̀ físíìsì. Ẹnì kan kọ àyọkà nípa rẹ̀, ní oṣù kárùn-ún ọdún 2018 wọ́n dá a padà pé ìtọ́kasí rẹ̀ kò tó. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, wọ́n kéde pé ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ọjọ́ yẹn gan-an ni àyọkà rẹ̀ tó jáde. Òótọ́ ni pé ohun tí ìwé àti ìwé ìròyìn bá ti kọ ni Wikipedia ń tẹ̀ lé, pé ẹni tí wọ́n bá fojú fò, àwa náà á ṣòro fún láti kọ nípa rẹ̀. Sọ ọ́. Àmọ́ má dúró síbẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Obìnrin náà ti ṣe ààrẹ Optical Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀, lọ́dún 2013. Bí a bá kọ̀wé nípa ọkùnrin tó ṣe irú ẹ̀ tí a sì ń dá ti obìnrin padà, apá kan ẹ̀bi wà lọ́dọ̀ àwa tí à ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Bí ìwọ náà bá gbà bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni kí o dárúkọ Women in Red, tó ti ń kọ àyọkà nípa àwọn obìnrin láti ọdún 2015.

Bí wọ́n bá ṣí fóònù fún àwọn olùgbọ́, ẹnì kan á ní wọ́n pa àyọkà òun rẹ́, òmíràn á ní kí o bá òun kọ ọ̀kan nípa ọ̀gá òun. Má ṣèlérí kankan. Ṣàlàyé pé a kì í fẹ́ kí ènìyàn kọ̀wé nípa ara rẹ̀, àti pé ẹni tó bá gbowó kọ àyọkà gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, ó ti wà nínú òfin láti ọdún 2014. Kìlọ̀ fún wọn pẹ̀lú: àwọn kan ń kiri tí wọ́n ń gbowó pé àwọn á bá ènìyàn gbé àyọkà sórí Wikipedia, pé kò sì ní kúrò níbẹ̀ láé. Kò sí ẹni tó lè ṣèlérí ìyẹn. Kí wọ́n pa owó wọn mọ́.

Ní ti AI, àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ìbéèrè lóhùn bí ènìyàn, ọ̀rọ̀ kúkúrú ló gbà. Àwọn ẹ̀rọ yẹn kọ́ ọ̀pọ̀ ohun láti inú Wikipedia, àmọ́ tí wọ́n bá dáhùn, wọn kì í fìgbà gbogbo sọ ibi tí wọ́n ti rí i. Àwa náà sì ń bá àwọn àyọkà tí wọ́n fi AI kọ jìjàkadì, tí ìwé tí wọ́n tọ́ka sí kò sí láyé.

Ó ku ohun kan tí mi ò fẹ́ kí o fojú kékeré wò. Ohun tí o bá sọ lórí rédíò lè di ìròyìn, ìròyìn yẹn lè di ìtọ́kasí nínú àyọkà, ẹlòmíì á sì tún ka àyọkà náà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Nítorí náà, bí nǹkan kan ò bá dá ọ lójú, sọ pé kò dá ọ lójú. Bó o bá sì kúrò níbẹ̀, má fọwọ́ kan àyọkà tó bá wà nípa iléeṣẹ́ rédíò náà tàbí olóòtú rẹ̀, kódà bí o bá rí àṣìṣe níbẹ̀. Kọ ọ́ sí ojú ewé ọ̀rọ̀, kí ẹlòmíì tún un ṣe.

Bí àyè bá wà ṣáájú ọjọ́ náà, pè mí lálẹ́ ká jọ dán an wò. Èmi á ṣe olóòtú, ti Strickland ni màá sì kọ́kọ́ bi ọ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ