Àjàní, má tíì kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ

Àjàní ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Dẹ́rẹ́bà tó máa ń kó adìrẹ wa láti Ìtòkú lọ sí Balógun ni mo fi ìwé yìí rán. Mo ní kò gbọdọ̀ fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àfi ìwọ. Bí mo bá pè ọ́, fóònù á dún títí á fi gé. Mo wá fi ₦15,000 owó oúnjẹ ránṣẹ́ sí ọ lórí OPay, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò pé tí o fi dá a padà, o ò sì sọ nǹkan kan. Mo jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń wo fóònù. Irú ọmọ wo ló ń dá owó ìyá rẹ̀ padà?

Ara gbogbo wa le. Wọ́n ti ṣe ojú ìyá àgbà, ó ti ń ka Bíbélì fúnra rẹ̀. Páànù ẹ̀yìnkùlé tí ìjì ṣí, wọ́n ti kàn án. Àbúrò rẹ ti san owó WAEC.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ni mo bá wá. Ìyá Ìbejì wọ rélùwéè lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti ọkọ rẹ̀ lọ ra páàtì ní Ládìípọ̀. Ó ní òun rí ọ lábẹ́ bíríìjì, ìwọ àti àwọn ọmọkùnrin méjì kan, ẹ tẹ́ tábìlì, ẹ kọ ọ́ sára páálí pé ẹ ń fi fóònù yẹ mọ́tò wò. Ọjọ́ Túsìdeè ni o, aago mọ́kànlá òwúrọ̀, ìgbà tó yẹ kí o wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún un pé o ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ ríwáyà mọ́tò. Mo ní irọ́ ni. Mo wọlé lọ mú ìwé àdéhùn tí a jọ fọwọ́ sí, mo kà á: ọdún mẹ́rin. Oṣù méje péré ló kù. Àjàní, oṣù méje!

Má rò pé mo fẹ́ fà ọ́ padà sídìí JAMB. Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán láàárín wa. Mo ti fojú ara mi rí ohun tí o mọ̀. Ọjọ́ kejì Kérésì, nígbà tí iná ẹ́ńjìnnì kọ̀ tí kò kú nínú Camry lánlọ́ọ̀dù, o ki nǹkan kékeré tí ẹ fi ń yẹ mọ́tò wò yẹn bọ ihò abẹ́ sítíárìn, fóònù rẹ sì kọ nọ́ńbà ohun tó bàjẹ́ jáde. Ìwọ lo ṣàlàyé fún mi pé láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ojú ihò ẹlẹ́nu 16 yẹn, pé ohun tó jẹ́ kí tòkúnbọ̀ tó wá láti ibẹ̀ máa bá fóònù sọ̀rọ̀ nìyẹn. Inú mi dùn. Ọ̀gá rẹ kọ́ ló kọ́ ọ. Ìwọ lo ń jókòó lóru, tí o ń fi dátà ara rẹ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n rántí ohun tó tẹ̀lé e. Fóònù ní sẹ́ńsọ̀ tó ń gbóòórùn èéfín ló bàjẹ́. Lánlọ́ọ̀dù ti ń ka owó tó máa fi ra òmíràn. O ní kó ṣe sùúrù. O fẹ̀yìn lélẹ̀, o wọ abẹ́ mọ́tò, o fi ìka tọ wáyà náà láti ìdí ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, títí o fi kan ibi tí eku ti jẹ ẹ́ kù bí irun. O so ó, o wé e, o fi fóònù pa iná náà, kò sì tàn mọ́. Lánlọ́ọ̀dù ò fi kọ́bọ̀ ra sẹ́ńsọ̀. Mo bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀, o ní, “Ọ̀gá mi ní kí n má gba ohunkóhun gbọ́ kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀.” Ṣé fóònù ló kọ́ ọ ní ìyẹn?

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bóyá o rò pé o ti mọ̀ ju ọ̀gá rẹ lọ. Tó bá di ti fóònù, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ará Ládìípọ̀ bá gbé alternator fún ọ láàárọ̀ pé kí o mú owó wá nírọ̀lẹ́, orúkọ ta ni wọ́n ń wò, tìrẹ ni àbí ti ọ̀gá? Iye tí èèyàn ń pè fún oníbàárà tí kò fi ní sá lọ, tí ilé oníṣẹ́ náà á sì jẹun, ìgbà wo lo jókòó ti ọ̀gá níbi tó ti ń ná an? Ìparí ni ọ̀gá máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ han ọmọ iṣẹ́. Lọ́la tí o bá sì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, tí àwọn NATA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ládùúgbò, bá wá bi ọ́ pé ọ̀gá wo ló ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún ọ, kí lo máa sọ?

Má kúrò. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì kúrò.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún bàbá rẹ títí ó fi kú. Ohun tí gbogbo yín mọ̀ ni pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ aránṣọ ló lé mi. Kò lé mi. Ọdún 1988 ni mo wọ iṣẹ́, ọdún mẹ́ta la dá. Nígbà tó pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ọwọ́ mi ti yá lórí máṣíìnì ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Bí mo bá rán bùbá, oníbàárà ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀gá ló rán an. Mo wá ń bi ara mi pé kí ni mo tún ń ṣe níbí, tí mo ń gbálẹ̀, tí mo ń pọnmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó rán mi lọ mú ọmọ rẹ̀ níléèwé. Mo mú ọmọ náà délé, mo kó ẹrù mi, mi ò padà mọ́.

Mi ò mọ̀ pé gígé ló kù. Oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn ni ọ̀gá mi máa ń fa ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Kó tó dìgbà yẹn, bó bá ń gé aṣọ, á kẹ̀yìn sí wa. Àjàní, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rán aṣọ tí ẹlòmíràn gé. Ṣé o rántí pé alaalẹ́ Sátidé la máa ń ru aṣọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì nígbà tí o wà ní kékeré? O máa ń bi mí pé kí la ń lọ ṣe níbẹ̀, mo ní sísọ́ọ̀sì wa ò mú. Sísọ́ọ̀sì wa mú. Nínú owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tó bá mi gé e ni mo máa ń yọ kó tó kan tiwa. Ká ní mo mọ̀ ọ́n gé ni, bóyá ọ̀rọ̀ owó iléèwé rẹ ì bá má rí bó ṣe rí.

Owó tí o dá padà yẹn, mo mọ ìdí rẹ̀, mo kàn ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni. Lọ́jọ́ ìsìn ọdún tuntun, Ìyá Ìjọ béèrè rẹ, mo ní o wà ní ọdún kejì ní poli. Mo yíjú báyìí, mo rí ọ lẹ́yìn mi, o gbé àga dání. O ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ kejì, o ti lọ, ògì àti àkàrà tí mo bù sílẹ̀ fún ọ wà níbẹ̀. Kì í ṣe ìwọ lo dójú tì mí, Àjàní. Ojú àwọn èèyàn ni mo ń wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá mo lọ bá Ìyá Ìjọ, mo ní irọ́ ni mo pa, iṣẹ́ ríwáyà lọmọ mi ń kọ́ ní Mushin. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí n bá òun kí ọ.

Bó bá jẹ́ ìbínú ọjọ́ yẹn ló gbé ọ kúrò níbẹ̀, tí o fẹ́ yára fi hàn mí pé o ti di ọ̀gá ara rẹ, èmi ni kí o bínú sí. Má fi oṣù méje san án.

Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ àti ọ̀gá lẹ ní èdèkòyédè, sọ fún mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á wọ rélùwéè wá ní Sátidé, a ó bẹ̀ ẹ́. Bó bá ń nà ọ́ ńkọ́? Sọ ìyẹn náà. Mi ò ní dá ọ padà sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ọ́ léṣe, a ó wá ọ̀gá mìíràn tí o máa parí rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mi ò ní kí o ju tábìlì abẹ́ bíríìjì yẹn nù o. Tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá, kí o máa gbé e síta lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn.

Lọ béèrè Trade Test lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìpele kẹta ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ìkejì àti ìkíní. NABTEB tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 náà ń ṣe ìdánwò fún iṣẹ́ ọwọ́. Mo fẹ́ rí ìwé tí orúkọ rẹ wà lórí rẹ̀ lára ògiri pálọ̀ wa, mi ò wo ibi tó ti wá.

Mo ti ra aṣọ fìrídọ̀ọ̀mù rẹ, adìrẹ ẹlẹ́kọ, ọ̀pá márùn-ún. Mi ò gbé e fún ẹnikẹ́ni gé. Ọmọbìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ọmọ ọdún 24, ló ń kọ́ mi ní gígé láti oṣù kejì, lálaalẹ́ tí a bá ti pa ilẹ̀kùn dé. Mo ń sanwó fún un. Ìwé ìròyìn la fi ń kọ́ ọ. Mo ti gé ọrùn bùbá mẹ́rìnlá, mẹ́ta tó kẹ́yìn dọ́gba. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ tó wà lọ́wọ́ mi, ti ìgbà tí o wà ní SS3 ni. Jẹ́ kí ẹnì kan bá ọ wọn èjìká, àyà, gígùn apá, àti láti ìbàdí dé kókósẹ̀. Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yìí, kí o fún dẹ́rẹ́bà. Ọjọ́bọ̀ ló ń padà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ