Lẹ́tà sí Bàbá mi: Bikila wọ bàtà ní Tokyo

Bàbá mi, ọmọ Ajílété,

Mo kúnlẹ̀ o. Èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi bọ́ láàárọ̀ yìí. Ó ti dúdú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì mọ̀ pé yóò lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tí mo bá a nínú rẹ̀, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rántí. Kì í ṣe Màámi tó wà láàyè, tó ń pè mí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin.

Ọmọ yín ti di ẹni tó ń sáré. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lánàá, Sátidé, mo sá kìlómítà 21 fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo wa ọkọ̀ kúrò ní Kubwa ní ìdájí lọ sí Central Area, níbi tí títì ti máa ń dá páropáro lópin ọ̀sẹ̀, mo ń yí àgbègbè Eagle Square ká bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Oṣù Kejì ni eré ìje Máràtọ́ọ̀nù ti Èkó. Kìlómítà 42 àti mítà 195, láti Pápá Ìṣeré ní Surulere, kọjá lórí afárá Third Mainland, títí dé Eko Atlantic. Mo ti forúkọ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A padà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, orí ń fọ́ mi, mo yà sí ilé kẹ́mísìtì kan. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ dì mí lápá, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì: 160 lórí 100. Ó bi mí bóyá ẹnì kan nínú ẹbí wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní bàbá mi ni. Ó ní, "Báwo ni wọ́n ṣe wà báyìí, mà?" Mo san owó, mo jáde.

Dókítà fún mi lóògùn, ó ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa rìn. Rírìn ló sọ o. Ó tó oṣù mẹ́ta gbáko, tí ìfúnpá náà ti wálẹ̀, kó tó gbà pé kí n máa sáré díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 1 ni mo fi ń sáré, ìṣẹ́jú 2 ni mo fi ń rìn, títí ìdajì wákàtí á fi pé. Ìṣẹ́jú kan péré yìí, ẹ̀mí mi á fẹ́ bọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́gáàdì tó wà ní ìkángun àdúgbò wa fò dìde, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní, "Hajiya, wa ya koro ki?" Mo ní kò sẹ́ni tó lé mi. Ó tún wo ẹ̀yìn mi.

Mo ti kọ́ nǹkan púpọ̀ láti ìgbà náà. Mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá ń sáré tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, eré rẹ̀ ti pọ̀ jù. Mo ti mọ̀ pé ohun tí a ń fi kún ìrìn ọ̀sẹ̀ kan kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúnkún á jẹ́jọ́. Wọ́n ní níbi kìlómítà 30 sókè ni ṣúgà inú iṣan máa ń tán, tí ẹsẹ̀ á kọ̀ jálẹ̀, tí èèyàn á dà bí ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà Lokoja. Àwọn tó ń sáré ní Jabi, àwọn tí aago ọwọ́ wọn ń sọ̀rọ̀, nǹkan olómi kan báyìí ni wọ́n máa ń fà mu nínú ọ̀rá. Èmi, dàbínù ni tèmi. Mo ra á lọ́wọ́ Hausa, mo yọ kóró rẹ̀, mo dì í sápò. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n sì fún mi, Vaseline nìkan ló tọ́ láti dúpẹ́ fún: ẹ fi pa gbogbo ibi tí aṣọ ti ń họ ara.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà ni mo bá wá.

Ẹ rántí íntáháòsì 1996. Mo mọ̀ pé ẹ rántí. Ẹ̀yin lẹ rán ṣòkòtò péńpé gbogbo Gíríìnì Háòsì, ṣọ́ọ̀bù yín ní Kakuri, ní Kaduna, kún fún aṣọ aláwọ̀ ewé débi pé ewé ni mò ń lá lálá lóru. Èmi ni mo bá yín fi òwú gán ìdí ṣòkòtò. Èmi náà ni mo bá yín ka owó nígbà tí tíṣà gbé e wá. Mo ka owó yẹn, Bàbá. Mo wá sọ pé mo fẹ́ káńfáàsì, nítorí wọ́n ti mú mi fún mítà 800. Ẹ kò gbójú sókè kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ ní, "Ọdún tí a gba òmìnira, ọmọ Ẹtiópíà kan tó ń jẹ́ Abebe Bikila sá Máràtọ́ọ̀nù ní Róòmù, kò wọ bàtà, ó sì gba góòlù. Ṣé ìwọ wá jù ú lọ ni?"

Mo gbà yín gbọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn náà débi pé mo sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, òkìríkà tó bá ẹsẹ̀ mi mu ní Kasuwar Barci kò lè ju owó ṣòkòtò mẹ́ta lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lẹ ra tuntun fún bọ̀ọ̀dá, bọ̀ọ̀dá tí kì í sáré bí ajá bá ń lé e.

Mo ṣíwájú ní ìyípo àkọ́kọ́. Ní ìkejì, mo tẹ àfọ́kù ìgò. Ipò kẹrin ni mo ṣe. Ẹ jókòó lábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú téèpù lọ́rùn yín, ojú wa ṣe mẹ́rin, ẹ sì yíjú padà sí kọ́sítọ́mà tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Nílé, ẹ fi omi iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ náà, ẹ fi àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé dì í, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń di ẹyin. Ẹ kò sọ nǹkan kan. Títí dòní, mi ò mọ ohun tí jẹ́jẹ́ yẹn túmọ̀ sí.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ eré sísá ni mo lọ ka ìtàn Bikila fúnra mi. Òótọ́ lẹ sọ nípa Róòmù. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15, ìṣẹ́jú-àáyá 16, alẹ́ ni wọ́n parí rẹ̀, àwọn sójà sì ń tan ògùṣọ̀ fún un. Àmọ́ bàtà tó rí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu dáadáa ló jẹ́ kó bọ́ ọ. Kì í ṣe pé bàbá rẹ̀ ní kó má wọ̀ ọ́. Ní 1964, ní Tokyo, ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ju bíi mẹ́fà lọ, ó tún gba góòlù, ó sì sáré ju ti Róòmù lọ. Ó wọ bàtà, Bàbá. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kò sọ apá yẹn.

Bóyá ẹ kò mọ̀ ọ́n. Bóyá owó ṣòkòtò náà ti ní gbèsè tó ń dúró dè é. Mo fẹ́ bi yín nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá yín dùbúlẹ̀, mo jókòó ti yín lóru ọjọ́ kan, mo ti la ẹnu. Ẹ ní, "Ṣé wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀?" Mo ní wọ́n ti pa á. Ẹ sùn. Mo kà á pé ọkọ̀ Bikila dojú dé ní 1969, pé kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ títí tó fi kú ní 1973. Mo pa fóònù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì yín tí a máa ń fi ọwọ́ gbé sórí ìrọ̀rí ni mò ń rí.

Bàtà tí mo fi ń sáré, 95,000 náírà ni. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ pé òkìríkà ni, pé 20,000 ni mo rà á ní Wuse. Iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Kì í jà, kì í bínú, ó kàn máa ń jókòó, ó ń yí tẹlifíṣọ̀n láti ìkànnì kan sí òmíràn. Èmi ni mò ń san owó ilé. Èmi ni mò ń ra epo. Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ sáré, á ní, "Ìwọ ṣì ní okun." Mi ò mọ̀ bóyá ìyìn ni tàbí èébú.

Ọmọkùnrin mi, tí ẹ fún lórúkọ, ń bèèrè bàtà bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ fún un pé oṣù tó ń bọ̀. Lọ́jọ́rú tó tún wá, Bikila ti wà lórí ahọ́n mi, Bàbá. Mo gbé e mì. Mo ní kó lọ fọ abọ́. Ó wo bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, ó wo mí, ó lọ fọ abọ́.

Kìlómítà 24 ni ti Sátidé tó ń bọ̀. Èékánná kejì ti ń dúdú. Páálí bàtà náà ṣì wà nínú búùtù ọkọ̀, lábẹ́ táyà sípíà, iye owó rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Láàárọ̀ òní ni bàbá àwọn ọmọ ní òun fẹ́ yẹ táyà náà wò kí n tó rìnrìn àjò.

Èmi ọmọ yín,
Kubwa, Abuja