Ẹ Tẹ Àwòrán Irà Náà Jáde

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn omíyalé Ìṣẹrì tí ẹ gbé jáde ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ìṣẹrì ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ ìpínlẹ̀ South Carolina, Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé báyìí.

Lóṣù Karùn-ún, èmi àti ọmọ mi obìnrin lọ sí Congaree, igbó àbàtà etídò tí ìjọba ń dáàbò bò. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Pátákó kan ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀, ẹ̀fọn ni wọ́n fi ń wọ̀n: 1, ẹ̀fọn ò sí; 6, ojú ogun. Orí 4 ni ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́jọ́ náà. Mo bú sẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ Ìṣẹrì, kí lẹ̀fọn òyìnbó fẹ́ fi mí ṣe? A ò tíì rìn dé ìdajì afárá pákó tí mo ti ń gbára mi lábàrá bí ẹni ń lu bàtá.

“Màámi, ta ló kun gbogbo igi yìí lọ́dà?” Ẹrẹ̀ omi tó kún lọ́jọ́sí lọmọ ń wò, ó ga dé èjìká rẹ̀ lára igi kọ̀ọ̀kan. Omi lè bo ibẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá lọ́dún, ẹrẹ̀ tó ń gbé wá sì loúnjẹ àwọn igi náà. Àwọn kan ga ju ẹsẹ̀ bàtà 160 lọ.

Akọ̀ròyìn bíi tiyín ni Harry Hampton, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sọ ilé tí wọ́n ti ń kí àlejò káàbọ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1950 ló ti ń pariwo nínú ìwé ìròyìn Columbia, olú ìlú South Carolina, pé kí wọ́n má gé igbó náà. Àwọn agégẹdú tún gbé ayùn wọbẹ̀ lọ́dún 1969 kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó dìde. Ọdún 1976 nìjọba àpapọ̀ tó gbà á sábẹ́ ààbò.

Irà tí bàbá mi ti ń dẹ ìgèrè létí odò Ògùn ńkọ́? Wọ́n ti da iyanrìn dí i, ilé àti géètì ló kù níbẹ̀. Bí odò bá kún, omi a wá ibùjókòó rẹ̀ lọ, a bá àga onítìmùtìmù níbẹ̀, a ó sì ní òjò ló fà á.

Ẹ ti ka iye ilé tí omi wọ̀ fún wa. Ẹ wá bá wa béèrè ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ wọn síbẹ̀. Ẹ tẹ àwòrán ilẹ̀ náà jáde, ti ogún ọdún sẹ́yìn àti ti ìsinsìnyí, lójú ewé kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sábẹ́ ìpolówó ilẹ̀ títà.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ Ìṣẹrì, Columbia.