Kí O Tó Kọ Ọ́ Pé Tiwa Nìkan Ni

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí àwọn orin ìbílẹ̀ tí ò ń gbà sílẹ̀. Ó wú mi lórí, àmọ́ àyà mi já nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní àwọn orin ìbílẹ̀ wọ̀nyí fi hàn pé ìran wa kò bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀ rí. Ṣé ẹnu akọrin lo ti gbọ́ ọ, àbí ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ kí o tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni?

N kò ní kí o má fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ o. Ìfẹ́ yẹn ló bí iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Ní 1835, tí Fínlándì ṣì wà lábẹ́ Rọ́ṣíà, Elias Lönnrot, dókítà kan níbẹ̀, so orin àwọn ará abúlé pọ̀ di Kalevala, ìwé ewì ìtàn akọni ilẹ̀ náà. Bí kì í bá ṣe irú ìtara bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ orin ni ì bá ti bá àwọn arúgbó wọ sàréè.

Ìtàn Béla Bartók, olórin ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì, ni kí o fara balẹ̀ gbọ́. Ní 1903, ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ire Họ́ngárì ni òun yóò fi ayé òun wá. Nígbà tó yá, òun àti Kodály, olórin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sórí ìda, wọ́n ń ti abúlé bọ́ sí abúlé. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti là. Ohùn orin tó gbọ́ lẹ́nu ará Họ́ngárì, ó tún bá a lẹ́nu àwọn Slòfáákì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiwọn náà sílẹ̀, ó gba ti àwọn ará Ròmáníà. Ní 1920, àdéhùn Trianon, tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, gé nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Họ́ngárì kúrò, ẹkùn Transylvania sì bọ́ sọ́wọ́ Ròmáníà. Ọdún yẹn gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ lórí orin àwọn ará Ròmáníà ní Hunedoara, ní Transylvania yẹn, jáde ní èdè Jámánì. Ìwé ìròyìn ní Budapest, olú-ìlú Họ́ngárì, bú u pé ọ̀dàlẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn akọrin ò ṣípò. Ààlà ló rìn kọjá lórí wọn. Ní 1942, nígbà tó ti sá lọ sí Amẹ́ríkà, ó kọ ọ́ pé gbígbà tí ìran ń gba orin lọ́wọ́ ara wọn ló sọ orin náà di ọlọ́rọ̀. Lákòókò yẹn, àwọn Násì, ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler, ń fi orin ìbílẹ̀ polongo èrò wọn ní Jámánì.

Nítorí náà, bi akọrin léèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó ti kọ́ orin rẹ̀, àti èdè tó tún fi ń kọrin. Bó bá kọ èyí tó gbọ́ lórí rédíò, gbà á sílẹ̀. Orin tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni Cecil Sharp, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó orin jọ, ń wá ní òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà láàárín 1916 sí 1918. Òun náà ló rí, kò fi bẹ́ẹ̀ ka orin ìsìn àwọn ará ibẹ̀ kún. Ó dùn mí pé ohun tó fi sílẹ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè padà lọ gbọ́ ọ mọ́.

Tún béèrè bóyá akọrin fẹ́ kí wọ́n fi ohùn òun ṣe ìpolongo òṣèlú, kí o kọ èsì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Bó bá ní rárá, tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan wá tọrọ orin náà, má fún wọn, ì báà ṣe ẹgbẹ́ tí ìwọ àtèmi jọ ń tì lẹ́yìn.

Ìyá rẹ ni.