Kì í ṣe gbogbo eyín ọmọdé tó bá ń jẹrà ni ó yẹ kí a yọ

Sí Olóòtú,

Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn rẹ̀ lu, a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn níbí, níbi tí èmi àti nọ́ọ̀sì kan ti dì í lọ́wọ́ dì í lẹ́sẹ̀ mú kí wọ́n tó rí eyín náà yọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀nà mìíràn wà. Títí di òní, ọmọ náà kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ dókítà eyín sétí.

Ọ̀nà mìíràn wà, mo sì ti fi ojú ara mi rí i lára àbúrò rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí mo rí àmì kan tó funfun bí ẹfun lára eyín iwájú rẹ̀, nítòsí èrìgì, tí eyín ẹ̀yìn kan sì ti ní ojú ihò kékeré tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àmì funfun yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ìjẹrà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ní ń sọ ṣúgà inú bísíkíìtì àti fídà tí ọmọ ń mu sùn di omi kíkan, tí omi kíkan náà sì ń fa èròjà tó mú eyín le jáde díẹ̀díẹ̀. Bí eyín kò bá tíì lu, ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lè dá èròjà náà padà: ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kékeré kan fún ẹni tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti eyín ẹ̀yìn yẹn, dókítà ní kí n gbé ọmọ lé itan mi. Ó fi òwú nu eyín náà gbẹ, ó ki búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju orí ìṣáná lọ bọ inú ẹ̀kán oògùn kan ṣoṣo, ó sì fi kan ojú ihò náà fún bí ìṣẹ́jú kan. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ tí ń lu eyín. Ọmọ náà yọ ahọ́n, ó ní ó dà bí ìgbà tí òun bá lá ṣíbí irin. Silver diamine fluoride ni orúkọ oògùn náà: fàdákà inú rẹ̀ ń pa kòkòrò, fúlóráìdì inú rẹ̀ sì ń mú eyín le. Òótọ́ ni pé ibi tó jẹrà máa ń di dúdú, tí kò sì ní funfun mọ́, ó sì yẹ kí dókítà sọ èyí fún òbí kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Ní tèmi, eyín dúdú tí kò dun ọmọ sàn ju àlàfo lọ. Àmọ́ bí eyín bá ti ń ro ọmọ lóru, tàbí tí èrìgì rẹ̀ ti wú, ọ̀rọ̀ ti kọjá oògùn kíkùn nìyẹn.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni ìyọnu eyín tí a ṣì máa jù sórí òrùlé. Eyín ẹ̀yìn ọmọdé lè wà lẹ́nu títí di ọdún mẹ́wàá sí méjìlá, òun ló sì ń di àyè mú fún èyí tó ń bọ̀. Bí a bá tètè yọ ọ́, àwọn tó kù á sún wọ ibẹ̀.

Ihò tó bá jinlẹ̀ díẹ̀ pàápàá ní ọ̀nà tirẹ̀, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Tanzania láàárín ọdún 1980 sí 1990: irinṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń ha ibi tó ti rọ̀ kúrò, wọ́n á sì fi glass ionomer dí i, láìlo iná mànàmáná. Lọ́dún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ohun ìdíhò yìí, oògùn tí mo sọ lókè àti ọṣẹ ìfọyín oní-fúlóráìdì kún àwọn oògùn kòṣeémánìí. Mo ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n kó wọn dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí wọ́n sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára láti máa gbé ètè ọmọ sókè wò kí ìyá tó gbé e pọ̀n padà sílé.

Èmi ni,
Ìyá ọlọ́mọ méjì,
Ìbàdàn.